Ta Ló Kúnlẹ̀ fún Pátákó Dávídì?

"Orúnkún ni," ìyàwó mi wí. "Bàbá Dára, ẹ wá wo nǹkan. Orúnkún méjì rèé nínú ẹrẹ̀."

Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe eré. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí, mo ti tan híítà, mo sì fẹ́ máa mu tíì mi jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin Èkìtì bá ní kí o wá wo nǹkan, kí o yáa dìde, torí o ò ní mu tíì náà ní àlàáfíà. Mo jáde, mo ń kùn.

Ẹ̀bá títì ni a wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valence Park ní Dagenham, níbi tí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró wà. Òpó irin kan dúró lórí koríko níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Pátákó ìrántí ló yẹ kó wà níbẹ̀, irin aláwọ̀ búlúù tí kò tóbi ju àwo fífẹ̀ lọ. Kánsù ló ṣe é ní ìrántí Dávídì Gbádégẹṣin, Yorùbá tó kọ́kọ́ gba ilé sí àdúgbò yẹn, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń há ara wa mọ́ yàrá kékeré ní Peckham, tí ẹnikẹ́ni ò gbójúgbóyà láti sọdá odò. Òun ló sọdá. Òun náà ló gba ọ̀pọ̀ nínú wa sí pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí a tẹ̀lé e. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára irin náà, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀, ọdún tí wọ́n bí i, àti ọdún tó kú. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀. Àárọ̀ Tusidé ni wọ́n bá òpó lófìfo.

Chloe, ọlọ́pàá ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fi ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́, dúró tì wá, ó ń fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó lè móoru. Ọmọ dáadáa ni. Àǹtí ló máa ń pe ìyàwó mi.

"Àǹtí, ẹni tó tú u ló kúnlẹ̀," ó wí. "Ó fẹ́ rí skúrù dáadáa ni."

"Níbo ni ihò skúrù wà?"

Chloe wo òpó. Ọ̀gangan àyà mi ni ihò náà wà, èmi kì í sì í ṣe èèyàn kúkurú.

"Ẹni tó bá kúnlẹ̀ níbí, ọwọ́ rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ lókè yẹn," ìyàwó mi wí. "Tún wo ẹ̀yìn orúnkún yẹn. Kí lo rí?"

"Ọmọ ìka ẹsẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n. Kò wọ bàtà. Nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí yìí. Tún wo inú ihò."

Mo bẹjú wò ó. Skúrù wà níbẹ̀! Ẹni tó gbé pátákó lọ ti yí àwọn skúrù náà padà sí àyè wọn, ó sì fún wọn dáadáa kí wọ́n má baà sọnù.

Ìyàwó mi nara, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kóòtù mi, kì í ṣe tirẹ̀ o. "Olè wo ló ń kúnlẹ̀ kí ohun tó fẹ́ jí, tó tún ń bá olóhun tọ́jú skúrù?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a jẹ́. Èmi ni Peter Adédìran, ọmọ Ìjẹ̀bú, mo wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ni Olúwatùmínínú, ṣùgbọ́n Ìyá Dára ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, torí Dárasími ọmọ wa. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ aládàáni ni ìyàwó mi yìí. Òkè ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní East Street, ní Barking, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Èmi ni dírẹ́bà, èmi ni akọ̀wé, èmi náà sì ni wọ́n ń jágbe mọ́ bí ọ̀ràn bá ta kókó.

Godswill ló gbé ọ̀ràn yìí wá fún wa. Ọmọ Wàrì ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara àyàfi tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó ń bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kánsù ṣiṣẹ́, òun ló sì kan pátákó náà mọ́ òpó. Skúrù rẹ̀ kì í ṣe skúrù lásán. Orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀, kọ́kọ́rọ́ àkànṣe ni wọ́n fi ń tú u, Godswill ni wọ́n sì fún ní kọ́kọ́rọ́ náà. Nígbà tí pátákó pòórá, ọ̀gá rẹ̀ ní kó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Kò rí i mú jáde. Ni wọ́n bá ní òun ló tú u lọ tà fún àwọn oníirin àlòkù. Wọ́n ti ní kó máa lọ jókòó sílé. Bí ọ̀ràn náà ò bá yanjú kí ọjọ́ Fúráìdé tó tán, wọ́n á lé e. Lílé yẹn kì í ṣe lílé lásán, torí orí iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ dúró lé. Oyún ìyàwó rẹ̀, Hamidah, sì ti ga.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá Dára gbé àga sí iwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Godswill, níbo lo ti lo kọ́kọ́rọ́ yẹn kẹ́yìn?"

"Mummy, I no remember."

"Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́jọ́ tí o kan pátákó?"

"Òjò winniwinni. Ajá òyìnbó kan wá tọ̀ sí ẹsẹ̀ òpó, mo lé e."

"Kí lo jẹ lọ́sàn-án?"

Ojú ọmọ náà tàn. "Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín! Mummy, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje! Ẹyin ńbẹ̀, ẹja ńbẹ̀, edé—"

"Ta ló sè é?"

Ẹnu rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà.

"I no remember."

"O rántí edé, o ò rántí alásè."

"Mummy, abeg. Leave am."

Nígbà tó lọ tán, inú bí mi. Mo ní ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ló tún ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ yìí? Ìyá Dára kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kò jalè. Ó ń bo ẹnì kan láṣìírí ni. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹni tí kì í wọ bàtà."

Chloe ti ro ìyẹn ṣáájú wa. Gbogbo Barking ló mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wọn. Gbogbo Barking ló sì mọ̀ pé Alàgbà Jésùfẹ́mi ti ìjọ Aládùúrà tó wà ní Castle Green ti bínú ní ìpàdé kánsù. Inú pálọ̀ Dávídì ni ìjọ wọn ti bẹ̀rẹ̀, kánsù ò sì kọ ọ́ sára pátákó. Bàbá náà dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Bí ẹ ò bá tún un kọ, èmi fúnra mi ni mo máa yọ ọ́!" Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tí nǹkan náà sì sọnù, ó di dandan kí wọ́n bi í.

Ọjọ́ kejì, a wa mọ́tò lọ sí Castle Green. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A13 kì í dákẹ́ níbẹ̀. Alàgbà wà lórí àga, ó wọ sùtánà funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà wá bi mí bóyá mo jalè?" Ohùn rẹ̀ gbọn yàrá náà. "Láti ìgbà tí mo ti dáyé!"

"Rárá o, Alàgbà," ìyàwó mi wí, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa. "Àdúrà la wá gbà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa ti fẹ́ sú wa."

Inú bàbá rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè lórí àga níbẹ̀, ó gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún wa, ó gbàdúrà fún Dárasími, ó gbàdúrà fún mọ́tò. Orúnkún èmi ti fẹ́ já kó tó ṣe àmín.

"Alàgbà, ẹ̀yin ò kúnlẹ̀," ìyàwó mi wí bí ẹni ń ṣeré.

"Kúnlẹ̀ ṣe bí? Láti ìgbà tí wọ́n ti yí orúnkún mi padà ní ọsibítù, bí mo bá kúnlẹ̀, àfi kí wọ́n wá gbé mi dìde. Ọlọ́run mọ̀, orí àga la ti ń sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi wò mí. Bí Alàgbà ṣe bọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rántí pé ilé Olúwa la wà.

"Ta ló wá sí àdúrà òwúrọ̀ ní Tusidé?"

"Òtútù ò jẹ́ kí wọ́n wá. Èmi, ìyàwó mi, àti Màmá Tiwaladé, opó Dávídì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi wa mọ́tò rẹ̀ lọ." Ohùn bàbá yí padà. "Bí ẹ bá fẹ́ lọ rí i, ẹ pè é síta bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ nínú ilé."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ní kí ẹ pè é síta."

Ó yẹ kí n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. N kò fi í sọ́kàn. Bí a ṣe dé ilé Gbádégẹṣin tí Màmá Tiwaladé ṣílẹ̀kùn, irin ìdìmú tuntun kan wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà. Mo dì í mú, mo bọ́ bàtà, mo sì la ẹnu mi gbàgà.

"Màmá Tiwaladé, ẹ kú ará fẹ́ra—"

"Ẹ kú òtútù!" Ó fi igbe bo ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Ẹ kú ọ̀nà! Ẹ kú àtijọ́! Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jábọ́.

Orúkọ rẹ̀ ni Olúbùsọ́lá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́. Nínú pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìyàwó mi fún un ní káàdì rẹ̀. Màmá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó kà á sókè bí ọmọ iléèwé, láti orí dé ìdí, àti nọ́ńbà fóònù.

"Wọ́n máa ń ka gbogbo nǹkan," Màmá Tiwaladé wí, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Tí a bá gbé wọn lọ sí ọsibítù, kò sí pátákó kan lójú ọ̀nà tí wọn kì í kà fún wa."

"Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, ṣé kí n sọ ọ́ nù ni?" Màmá yíjú sí ìyàwó mi. "Ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìwádìí? Ẹ bá mi wádìí ọmọ mi. Dávídì ní òun ń kọ́lé l'Ábẹ́òkúta. Ilé wo ni kì í parí yìí? Ṣé ààfin ni?"

Dávídì wo? Ṣé Dávídì tí mo bá wọn bu iyẹ̀pẹ̀ sí?

Kí n tó lè mí, fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá dún. Màmá tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìyá mi, ẹ kú ọ̀sán o! Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ohùn Dávídì Gbádégẹṣin ni. Ohùn tó jinlẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo dì mọ́ ìyàwó mi lápá. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò wo fóònù. Àjà ló ń wò. Ọkọ̀ ìkólẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn lójú títì, ó ń dún *píì, píì*. Ọkọ̀ kan náà ń dún *píì, píì* nínú fóònù. Òkú náà rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti ń kun ilé náà, ó kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni pákó àjà dún, bí ẹni pé ẹnì kan dìde lórí àga.

A kò tíì jókòó sínú mọ́tò dáadáa tí mo fi ké. "Ìyá Dára! Òkú ń pe fóònù!"

"Òkú kọ́. Tiwaladé ni, ọmọ rẹ̀. Òkè ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohùn bàbá rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀."

Ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé, n kò sì bínú.

"Ẹni tó kúnlẹ̀ fún pátákó, obìnrin ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí olóògbé, á dọ̀bálẹ̀ ni tàbí kó tẹrí ba. Kò wọ bàtà torí pé sùtánà ló wọ̀, àdúrà ló ti ń bọ̀. Kò fẹ́ kí skúrù sọnù torí pé nǹkan tirẹ̀ ni, ó sì ní í lọ́kàn láti dá a padà. Ẹ rí irin tí ẹ dì mú lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ wo orí skúrù rẹ̀?"

"Èmi ò wò ó."

"Ìràwọ̀ ni. Godswill ló kàn án fún Màmá kí wọ́n má baà ṣubú, lọ́jọ́ tí Màmá Tiwaladé fún un ní mọ́ínmọ́ín. Ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Nígbà tí pátákó sọnù, ó mọ ibi tó gbé e sí, kò kàn fẹ́ sọ."

"Kí ló wá dé tí opó máa tú pátákó ọkọ rẹ̀?"

Ìyàwó mi tọ́ka sí iwájú. A ti dé ibi iná Valence Park, iná pupa ti dá wa dúró. Òpó òfìfo yẹn wà ní ọ̀gangan fèrèsé rẹ̀ gan-an. Bí pátákó bá wà níbẹ̀, ǹ bá ti kà á tán kí iná tó yí.

"Ọ̀nà ọsibítù Màmá nìyí," ó wí. "Wọn kì í sì í fo pátákó kankan."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Tí ọmọ bá kú mọ́ ìyá arúgbó lójú, a kì í sọ fún un. A óò ní ó rìnrìn àjò, a óò ní iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́, a óò máa pa á mọ́ra títí Ọlọ́run á fi pe ìyá náà. A ní ọ̀rọ̀ náà lè pa á. Ẹ wá wo kánsù tó gbé ọdún ikú ọmọ náà kọ́ ojú títì gbangba!

"Ìyá Dára, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?" mo bi í. "Tí a bá sọ, ọlọ́pàá á wọ ilé yẹn, Màmá á gbọ́. Tí a ò bá sọ, Godswill lọ nìyẹn."

Ó yíjú sí fèrèsé, èmi sì mọ ìgbà tó yẹ kí n fi obìnrin náà sílẹ̀.

Àárọ̀ Fúráìdé, a padà lọ. Màmá Tiwaladé rí ojú wa, ó mú wa lọ sí kíṣìnì, ó ti ilẹ̀kùn. Kò jẹ́ kí a bi í rárá. Ó lọ gbé pátákó náà wá, ó fi agbádá ọkọ rẹ̀ wé e.

"Ọgbà Valence House ni wọ́n ní àwọn máa kàn án sí, ibi tí Màmá kì í dé," ó wí. "Wọ́n kàn yí i padà ni. Mo pè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó ti bọ́. Ọ̀sán Tusidé yẹn ni Màmá fẹ́ lọ sí ọsibítù. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọkọ mi, ẹ má bínú sí mi, ìyá yín ni mo ṣe é fún." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ dá a padà. N kò mọ bí n ó ṣe dá a padà."

"Wọ́n ti dá Godswill dúró lẹ́nu iṣẹ́ torí rẹ̀," ìyàwó mi rọra wí. "Òní ni wọ́n fẹ́ lé e."

"Godswill wo? Godswill tó kan irin fún Màmá?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Yéè! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ lóyún!" Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n mú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣáà má wá síbí. Màmá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé—"

"Pé kí ni?"

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìyá Àgbà dúró níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara wọn, Tiwaladé wà lẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì kó lè gbá wọn mú tí wọ́n bá fẹ́ ṣubú. Pátákó wà lórí tábìlì, agbádá ti ṣí kúrò lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbé ọwọ́ bò ó.

Màmá wò ó pẹ́. Wọn kò kà á sókè.

"Ìyàwó mi, ọjọ́ tí Dávídì kú, búrẹ́dì lo fún mi jẹ láàárọ̀, búrẹ́dì lo tún fún mi lálẹ́," wọ́n wí fún Màmá Tiwaladé. "Èrò kún ilé yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ilé Yorùbá wo ló máa kún tó máa dákẹ́? Lẹ́yìn náà o gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ wá sí yàrá mi, o ní híítà tìrẹ bàjẹ́. Mo ń gbọ́ ọ tí ò ń sunkún sínú pílò. Ṣé híítà ló ń pa èèyàn lẹ́kún?"

Màmá Tiwaladé wólẹ̀ dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀yin mọ̀? Láti ọjọ́ náà?"

"Èmi ni mo bí i. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún mi?"

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, ẹ ó máa pa ẹkún yín mọ́ra kí ẹ lè máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Ọmọ yìí ńkọ́?" Wọ́n fi orí tọ́ka sí Tiwaladé, géńdé ọkùnrin. "Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti lọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́, àfi tó bá gun òkè lọ tó ń fi ohùn Dávídì bá mi sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ. Mo ní kí n má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pàdánù oúnjẹ rẹ̀ torí mi, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé kóòtù mi wá. Èmi ni mo máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀."

Èmi Peter Adédìran, mo sunkún ní kíṣìnì onílé. Ìyàwó mi pẹ̀lú sunkún, àmọ́ á ní àlùbọ́sà ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Màmá sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ń túmọ̀, Chloe sì ń nu imú. Ó pe kánsù. Wọ́n ní bí ìdílé bá ti gbé pátákó ìdílé padà, kò sí olè, kò sí ẹjọ́. Kí ọjọ́ náà tó tán, ọ̀gá Godswill fúnra rẹ̀ pè é, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó wá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó yẹn.

Godswill ló wá kàn án padà ní Sátidé, níwájú gbogbo wa. Hamidah dúró tì í, ó di ikùn rẹ̀ mú. Mo bi ọmọ náà pé kí ló ṣe é tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ tàfàlà. Ó ní, "Daddy, ẹni tó fún mi ní mọ́ínmọ́ín, kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá? Never!" Alàgbà gbọ́, ó ní kí Ọlọ́run bù kún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí kò lópin.

Nígbà tí skúrù tó kẹ́yìn wọlé, wọ́n ti Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wọn. A rò pé wọ́n á kà á.

"Tiwaladé," wọ́n wí. "Kà á fún mi."

Tiwaladé bọ́ síwájú. Ó wú ikọ́ kékeré yẹn, ohùn jíjinlẹ̀ bàbá rẹ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀. "Dávídì Gbádégẹṣin—"

"Rárá," Màmá wí.

Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn tó jáde lọ́tẹ̀ yìí tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ohùn ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Dagenham. Ó ka orúkọ. Ó ka bí bàbá rẹ̀ ṣe sọdá odò, tó wá tẹ̀dó síbí, tó gba àlejò. Ó dé ibi ọdún ikú, ó gbójú kúrò lára irin náà.

"Kà á tán, ọmọ mi."

Ó kà á tán. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí a ti sin Dávídì bú jáde lójú títì yẹn, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá bàbá rẹ̀. Màmá ń fọwọ́ pa á lórí, iná ń yí, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lọ.

"Ohùn rẹ dára," wọ́n wí. "Lọ́la, tí mo bá jẹun tán, òun ni kí o fi pè mí."